Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Ẹ̀ Á Bá A Dákẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Máṣíìnì Tuntun Tó Ń Dún

A mọ̀ pé ẹ̀kọ́ lórí àdúrà la ṣèlérí fún ọ̀sẹ̀ yìí. A máa padà síbẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ń gbóná lọ́kàn wa, ọ̀rọ̀ máṣíìnì sì ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ “Àmín”.

Ẹ rántí pé a ra máṣíìnì tuntun fún Ajíhìnrere wa tó ń bójú tó àwọn ìjọ kéékèèké ní àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Òkèhò. Owó tó lé ní mílíọ̀nù kan náírà ni. Kì í ṣe olówó kan ló gbé e kalẹ̀. Àwọn ìyá elépo dá nínú ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ dá, ìyá àgbà kan tí kò lè rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ di 2,000 náírà sínú ọ̀rá, ó fi rán ọmọ ọmọ ẹ̀ sí wa. Ọjọ́ tí a gbé e dé, a ta òróró sí i, a jó, a ya fọ́tò. Ẹ̀yin náà rí fọ́tò yẹn.

Ohun tí ẹ ò rí ni ohun tó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ kẹfà, Ajíhìnrere wá bá wa. Ó ní, “Dádì, ẹ má bínú o. Máṣíìnì yìí ń dún níwájú. Tí mo bá wọ kòtò, á máa dún kọ̀-kọ̀-kọ̀. Tí mo bá tẹ bíréèkì, á tún dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan.”

Kí la fi dá a lóhùn? A fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ níbí, torí ẹnu wa náà ló ti jáde. A ní, “Nǹkan tuntun ni, ara ẹ̀ á balẹ̀. Dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹsẹ̀ làwọn kan fi ń rìn.” Ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, a kìlọ̀ fún un nípa ẹ̀mí ìráhùn. Kò wá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. A rò pé ìró náà ti lọ ni.

Kò lọ o. Ẹ̀rù wa ló ń bà á. Ó gbé máṣíìnì lọ bá mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà, ó san owó lápò ara ẹ̀. Ìyẹn tú ṣọ́ọ̀kì iwájú tó wà lápá ọ̀tún, ó da ọ́ìlì tó wà nítòsí sí i, ó tì í pa. Ìró ṣì wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tó ń ti ìṣọ́ òru bọ̀ lórí ọ̀nà eléruku, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ó tẹ bíréèkì, iwájú máṣíìnì gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, ó gbé e sínú igbó. Ọmọkùnrin tó ń lùlù fún wọn wà lẹ́yìn ẹ̀. Àánú Olúwa ni kò jẹ́ kí eegun ṣẹ́. Orúnkún bó, ìgúnpá bó, fóònù fọ́. Gbogbo ìjọ dúpẹ́, àwa náà dúpẹ́. Àmọ́ a ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ọmọ yẹn sọ fún wa lẹ́ẹ̀mejì, a fi Bíbélì pa á lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a kó ìwé rìsíìtì àti káàdì wáráńtì, a gbé máṣíìnì lọ sí ibi tí a ti rà á. Wáráńtì oṣù mẹ́fà ni wọ́n kọ sórí káàdì. Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ dá wa lóhùn ní, “Bàbá, gbogbo máṣíìnì tuntun ló ń dún, tó bá ti rìn díẹ̀ sí i, á dákẹ́.” Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ tí àwa fúnra wa sọ fún Ajíhìnrere ni! Ojú tì wá. A ní kó jọ̀ọ́, kó bá wa pe ọ̀gá mẹkáníìkì wọn. Nígbà tí ìyẹn dé, a ò pariwo. A ní kó gbé e sórí dọ́bù sítáńdì, kí ẹnì kan tẹ ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́lẹ̀ kí táyà iwájú lè kúrò nílẹ̀, kó wá di ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì mú nísàlẹ̀, kó fà á síwá-sẹ́yìn. Ó fà á. Ó ń mì gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló mi orí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì tuntun tí à ń rà níbí, inú páálí tàbí àpótí ni wọ́n ti ń dé, ibí ni wọ́n ti ń tò wọ́n pọ̀. Ẹni tó to tiwa kò fún nọ́ọ̀tì tó wà ní ọrùn máṣíìnì dáadáa, níbi tí ọwọ́ tí à ń dì mú ti ń yí. Bẹ́áríǹnì wà níbẹ̀. Tí kò bá le dáadáa, gbogbo kòtò á máa lù ú, gbogbo bíréèkì á máa fà á. Iṣẹ́ sípánà díẹ̀ ni ì bá jẹ́ ní ọjọ́ kẹfà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́áríǹnì yẹn ti jẹ, ó di kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ fún wa, a ò san kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe òótọ́ fún wọn níbẹ̀.

Àmọ́ ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún náà ń jò. Wọ́n fi ojú ibi tí sípánà ti họ ọ́ hàn wá. Káàdì sọ ọ́ kedere pé tí ọwọ́ ẹlòmíràn bá ti wọ inú ẹ̀, wáráńtì ti bọ́ lára ibẹ̀. A bẹ̀, a bẹ̀, wọn ò gbà. A san owó ẹ̀. Ó dùn wá, àmọ́ a ò lè bá wọn jà sí i. Àwa la lé ọmọ wa lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu wa.

Ẹ̀yin ará, ohun tí a fẹ́ sọ rè é: ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe sùúrù nígbà gbogbo. Nínú àwọn ìjọ wa, a ti kọ́ àwọn èèyàn débi pé tí nǹkan bá ń ṣe wọ́n, wọ́n á ní “ó dáa, Ọlọ́run ń ṣe é.” Ọmọ ìjọ ra ẹ̀rọ ìlọta tí kò lọ ata, ó gbé e pamọ́. Òmíràn ra fóònù tí kò gba ṣájì, ó fún ọmọ ẹ̀ kó máa fi ṣeré. Tẹ́ ẹ bá ní kó dá a padà, á ní òun kì í ṣe oníjà. Ta ló ní ìjà ni?

Ìráhùn yàtọ̀ sí ẹ̀jọ́. Ìráhùn ni kéèyàn jókòó sínú àgọ́, kó máa sọ ọ́ fún ẹni tí kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ohun tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣe láginjù nìyẹn, Ọlọ́run sì bínú. Àmọ́ ẹ ṣí Númérì orí 27. Àwọn ọmọbìnrin Selofehádì márùn-ún ò ráhùn. Wọ́n gbéra, wọ́n lọ dúró níwájú Mósè níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí wọn, wọ́n sọ ohun tó tọ́ sí wọn. Ọlọ́run ní òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe òfin. Ajíhìnrere wa gbé ọ̀rọ̀ wá síbi tó yẹ. Ọmọ Selofehádì ni, àwa la pè é ní oníráhùn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tẹ́ ẹ lè ṣe, pàápàá ẹ̀yin ọlọ́kadà wa, ẹ̀yin olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ń gun máṣíìnì lọ síbi iṣẹ́.

Èkíní, ẹ mọ ibi tí ìró ti ń wá kẹ́ ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń dún ni ṣọ́ọ̀kì. Nọ́ńbà tí bóòtù ẹ̀ tú lè máa dún. Ṣéènì tó dẹ̀ lè máa na irin ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì ló ń dún kọ́, ẹ yẹ ọrùn ẹ̀ wò bí a ṣe sọ. Fún ṣọ́ọ̀kì iwájú, ẹ di bíréèkì iwájú mú, kẹ́ ẹ tẹ ọwọ́ máṣíìnì mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó yẹ kó rọra lọ sílẹ̀, kó rọra padà. Tó bá ń dún, tàbí tẹ́ ẹ rí ọ́ìlì lára irin tó ń dán yẹn, rọ́bà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ọ́ìlì síìlì lè ti bàjẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ń han fíìn-fíìn, ẹ wo àwọn rọ́bà àti bóòtù tó di ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn mú.

Èkejì, ẹ tètè sọ ọ́. Ẹ wo nọ́ńbà kìlómítà tó wà lójú máṣíìnì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ẹ fi fóònù gba ìró náà sílẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á lórí WhatsApp kẹ́ ẹ tó lọ, kó lè wà lákọsílẹ̀ pé ọjọ́ báyìí lẹ ti wí. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ò ní ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u tí wáráńtì bá ṣì wà. A ò bú àwọn mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà o, ọ̀pọ̀ nínú wọn mọṣẹ́ dáadáa, ọmọ ìjọ wa wà lára wọn. Àmọ́ ṣọ́ọ̀kì ní irú ọ́ìlì tirẹ̀ àti ìwọ̀n tirẹ̀. Ojú kọ́ la fi ń wọ̀n ọ́n, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kọ́ la sì ń dà sí i.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má fo sáfísì àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì, ìwé wọn máa ń sọ pé kẹ́ ẹ gbé e wá láàárín kìlómítà 500 sí 1,000. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń fún gbogbo nọ́ọ̀tì tó ti dẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé yín, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Kì í ṣe abẹ́ ìrọ̀rí tí òjò lè jò sí.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ mọ òfin ilẹ̀ yín. Òfin kan wà ní Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Federal Competition and Consumer Protection Act, ti ọdún 2018. Òfin yẹn sọ pé ẹni tó kó ọjà wọlé, ẹni tó pín in àti ẹni tó tà á ni wọ́n jọ ń dúró fún un pé ọjà náà dáa. Tí kò bá dáa, oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà láàárín àkókò tí òfin fún un, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, tàbí kí wọ́n dá owó padà. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí i ni FCCPC. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó tà á ní ìtùnbí-ìnùbí. Tó bá kọ̀, ẹ kọ ìwé sí wọn.

Ẹnì kan máa bi wá pé, “Pásítọ̀, ṣé Pọ́ọ̀lù ò sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé ká má pe ara wa lẹ́jọ́ ni?” Ó sọ ọ́. Tí ẹni tó tà á bá jẹ́ ará wa nínú ìgbàgbọ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ wá síwájú àwọn àgbà ìjọ ná. Àmọ́ Pọ́ọ̀lù yìí kan náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ nà án lọ́nà àìtọ́, ó béèrè lọ́wọ́ balógun bóyá òfin gbà á. Ó mọ ẹ̀tọ́ ẹ̀, ó sì lò ó láìbú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin oníṣòwò tẹ́ ẹ wà nínú ìjọ. Tẹ́ ẹ bá kọ wáráńtì sórí káàdì, ẹ̀jẹ́ lẹ jẹ́ yẹn. Kẹ́ ẹ sọ fún oníbàárà pé “á dákẹ́” láìfọwọ́ kan máṣíìnì ẹ̀, òṣùwọ̀n èké ni, ẹ sì mọ ohun tí ìwé Òwe sọ nípa ẹ̀. Ìdámẹ́wàá tẹ́ ẹ bá san lórí ẹ̀ ò sọ ọ́ di mímọ́.

Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ má parọ́. Tó bá jẹ́ èèyàn mẹ́ta àti àpò gàrí méjì lẹ ń kó sórí máṣíìnì kan, tí ṣọ́ọ̀kì wá kú, ẹ má gbé e lọ kẹ́ ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tà á. Wáráńtì ò bo ìyà tẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́.

Èyí tó gbẹ̀yìn, àwa pásítọ̀ la fẹ́ bá wí, a ó sì bẹ̀rẹ̀ lórí ara wa. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, a dúró níwájú ìjọ, a bẹ Ajíhìnrere wa. Ó ń sọ pé, “Dádì, kò tó bẹ́ẹ̀.” Ó tó bẹ́ẹ̀. A dá owó mẹkáníìkì tó san padà fún un, a sì ra fóònù míì. A tún lọ sílé àwọn òbí ọmọ tó ń lùlù yẹn, a bẹ̀ wọ́n. Tí ọmọ ìjọ bá wá sọ fún wa pé nǹkan ń dún, yálà máṣíìnì ni, yálà ilé ọkọ ni, yálà àyà ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ wò ó. Àdúrà ò ní sá lọ.

Máṣíìnì ti padà sójú ọ̀nà. Àná ló ti Òkèhò dé, ó ní kò dún mọ́.

Ní báyìí, ẹ lè kọ “Àmín”. Àmọ́ ẹ bá wa fi kún un: kí lẹ rà tí kò dáa, tẹ́ ẹ dákẹ́ lé lórí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ká jọ gba ara wa nímọ̀ràn. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni o.

Olúwa á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín.