Ọmọlẹ́yìn tàbí Olùtẹ̀lé?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún àwọn tí ń tẹ̀ lé oníṣẹ́ fídíò kúkúrú lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni "ọmọlẹ́yìn." Ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu. Ọmọlẹ́yìn ni ẹni tí ó fi ara rẹ̀ sábẹ́ olùkọ́; ẹni tí ó tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan kò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀.

Àṣìṣe yìí kò mọ sórí èdè nìkan. Lórí TikTok, tí ó tàn kọjá ilẹ̀ Ṣáínà ní ọdún 2017, àti Reels ti Instagram, tí ó dé ní 2020, ẹ̀rọ ni ó ń yan ọ̀pọ̀ fídíò fún òǹwòran, ìbáà tẹ̀ lé ẹni tí ó ṣe é tàbí kò tẹ̀ lé e. Bí òǹwòran bá wo fídíò dé òpin, ẹ̀rọ a kà á sí ẹ̀rí pé ó wù ú. YouTube pàápàá ya ìṣirò méjèèjì sọ́tọ̀: láti 2023, ọ̀nà kan tí oníṣẹ́ fídíò kúkúrú fi lè pín nínú owó ìpolówó ni kí ó ní olùtẹ̀lé 1,000, kí a sì wo fídíò rẹ̀ ní ìgbà 10,000,000 láàárín 90 ọjọ́.

Nítorí náà, ó yẹ kí "òǹwòran" jẹ́ ẹni tí ó wò, kí "olùtẹ̀lé" jẹ́ ẹni tí ó tẹ bọ́tìnì, kí a sì fi "ọmọlẹ́yìn" sílẹ̀ fún ẹni tí ó gba ẹ̀kọ́. Ọ̀dọ́ tí ó ń fi owó ra "ọmọlẹ́yìn," òǹkà lásán ni ó rà. Kì í ṣe gbogbo èrò ọjà ni oníbàárà.