Ọkọ̀ Ìjàpá Abẹ́ Igi Máńgòrò

Bí ènìyàn bá wọ ọ̀pọ̀ agboolé ní Ilémọ̀nà, ní Ọ̀fà, àti ní àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ọkọ̀ kan tí ó ti di ilé adìẹ. Táyà rẹ̀ ti wọlẹ̀, koríko ti gba inú rẹ̀ yọ, àwọn ọmọdé sì ti tú gbogbo ohun tí ó ń dán lára rẹ̀ fi ṣeré. Bí ẹ bá bèèrè, wọn yóò ní, "Ọkọ̀ Bàbá ni." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bàbá ti kú, a kò ta ọkọ̀, a kò tún un ṣe, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọ̀wọ̀ fún òkú ni wọ́n ń pe èyí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní agboolé tiwa ní Ilémọ̀nà, ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni èmi náà sì fi wà lára àwọn tí ń wò ó níran.

Ọkọ̀ Ìjàpá ni, Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó jẹ́ tíṣà ni ó rà á. Àwọn àgbà tí ń ka ìwé ìròyìn yìí kò ní gbàgbé ọdún 1975. Ọdún yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba owó Udoji, tòun ti àjẹsílẹ̀ oṣù ẹ̀yìn. Ọdún kan náà ni ilé-iṣẹ́ tí ń to Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, tí ti Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Owó àti ọjà pàdé. Tíṣà tí ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá di ọlọ́kọ̀. Peugeot ni ti àwọn ọ̀gá. Ìjàpá ni ti tíṣà, ti nọ́ọ̀sì, ti akọ̀wé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, níbi tí ọkọ̀ mìíràn ń kó ẹrù sí. Kò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú lára, nítorí náà kò sí omi tí yóò hó kí ó sì dá ènìyàn dúró lágbedeméjì oko. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Ìjàpá mọ orúkọ í sọ: kì í sáré, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí kì í dé.

Ní 1986, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí a mọ̀ sí SAP dé, náírà já wálẹ̀, ẹ̀yà ara ọkọ̀ sì gbówó lórí kọjá agbára tíṣà. Ìjàpá wa ń rìn lóṣù kan, ó ń sinmi lóṣù mẹ́ta, títí ó fi dúró pátápátá. Nígbà tí Bàbá papò dà ní 2005, abẹ́ igi máńgòrò ni ó bá ọkọ̀ náà sí.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ni àbúrò olóògbé, ọmọ ìyá kan náà. Ó ní àṣà àtijọ́ ni pé ohun èlò ọkùnrin, aṣọ rẹ̀ àti irinṣẹ́ rẹ̀, àwọn àbúrò tí wọ́n jọ bọ́ sí ọwọ́ ìyá kan ni ó ń jogún wọn. Kò purọ́. Àwọn ọmọ olóògbé ní ayé ti yí, pé ọmọ ni ó ń jogún bàbá rẹ̀. Àwọn náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó méjì ni Bàbá ní: ọmọ mẹ́rin wà nídìí igi kan, méjì wà nídìí èkejì. Àwọn mẹ́rin ń fẹ́ orí-ò-jorí, àwọn méjì sì ń fẹ́ ìdí-igi. Kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ wà nínú irú rẹ̀. Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940 láìṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ẹjọ́ ogún rẹ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Àwọn adájọ́ fi ọwọ́ sí i pé ìdí-igi ṣì ni òfin Yorùbá, ṣùgbọ́n pé bí ìjà bá wà, olórí ẹbí lè fi orí-ò-jorí pín in. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni a ṣe fẹ́ fi ọ̀kankan nínú méjèèjì pín Ìjàpá? Ta ni yóò gba ilẹ̀kùn, ta ni yóò gba ìdí ọkọ̀?

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn olórí ẹbí rò nìyí. Ilẹ̀ lè dúró de àwọn tí ń jà lé e lórí. Ilé pàápàá lè dúró díẹ̀. Irin kò lè dúró. Bí ẹ ti ń ṣe ìpàdé ni ìpáàrà ń jẹ ẹ́. Àwọn baba wa mọ èyí, nítorí náà ni wọn kì í fi í ti àgbàdá òkú mọ́ inú àpótí fún kòkòrò. Wọ́n ń gbé e wọ ẹnìkan, gbogbo ẹbí á sì máa rí i lára rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. (Pé wọ́n ń fi ojú kan náà wo opó, tí wọ́n ń ṣú u bí ẹni jogún ẹrù, n kò gbè wọ́n lẹ́yìn ní ti ìyẹn.) Kí a kọ́kọ́ ya ohun tí ó lè bàjẹ́ sọ́tọ̀ kí ọdún kan tó yí po lórí òkú, kí a fà á lé alágbàtọ́ lọ́wọ́. Alágbàtọ́ ni mo wí, n kò wí pé ẹni tí ó ni ín.

Ní 2019, lẹ́yìn tí bàbá mi náà ti lọ, àwọn tí ń ra irin àlòkù kiri wọ agboolé wa, wọ́n sì dá iye lé Ìjàpá lórí ìwọ̀n kílò. Wọ́n pe ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí olóògbé, ni ó sọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé fi dákẹ́: "Ẹni tí ó bá lè tún un ṣe kí ó gbé e, kí ó má tà á, kí ó sì máa gbé e wálé lọ́dún Iléyá." Èmi ni mo nawọ́ sókè.

Mẹkáníìkì àgbàlagbà kan ní Ọ̀fà ni mo gbé e lọ bá. Èkó ni ó ti kọ́ṣẹ́, lórí àwọn dáńfó àtijọ́ tí àwọn náà jẹ́ Volkswagen, tí ẹ́ńjìnnì wọn sì jẹ́ ọmọ ìyá ti Ìjàpá. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ni ó tú tí ẹ́ńjìnnì fi bọ́ sílẹ̀. Ó ti gan. Baba náà da ọ́ọ̀lì sínú ihò pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ karùn-ún. Nígbà tí mo dé, ó fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, ó sì yí. N kò mọ ìgbà tí mo pariwo. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì rẹ̀ ń gbé, ààsìdì sì ti jẹ páànù ibẹ̀ dé ilẹ̀. Wẹ́dà ni ó gé òmíràn sí i. Ọjà Ládípọ̀ ní Èkó ni a ti rí ẹ̀yà bíréèkì. Oṣù mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń náwó sórí ọkọ̀ tí kò tóbi ju àpótí lọ. Wọn kò tí ì rí kékeré. Lẹ́yìn ogun àgbáyé tí ó parí ní 1945, owó àti epo wọ́n àwọn ará Yúróòpù, wọ́n sì ṣe irú èyí tí ó mú Ìjàpá jọ erin. Isetta tí BMW ń ṣe láti 1955, iwájú ni ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ṣoṣo wà. Fiat 500 ti 1957 kò gùn tó mítà mẹ́ta. Peel P50 tí wọ́n ṣe ní Isle of Man láti 1962, ẹnìkan péré ni ó ń gbà, kò sì ní jíà ẹ̀yìn. Awakọ̀ ni yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò fi ọwọ́ fà á sẹ́yìn. Lónìí, àwọn tí ń tún irú wọn ṣe kò kéré. Ìjàpá fúnra rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún kí wọ́n tó ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní Mexico, ní ọgbọ̀njọ́ oṣù keje ọdún 2003. Kì í ṣe nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n ni mo ṣe tún tiwa ṣe.

Mo ṣe àṣìṣe kan. Mo ti ra ọ̀dà pupa, mo sì ti sọ fún oníṣẹ́ páànù pé kí ó tẹ́ ojú àpá kan tí ó wọnú lára ọkọ̀ náà lápá ọ̀tún. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́, ó wọ ọkọ̀ wá sí Ọ̀fà lọ́jọ́ kejì. Ó ní àwọ̀ wàrà ni Bàbá rà. Ó ní òru ọjọ́ kan ní 1981 ni Bàbá ń gbé ìyàwó kejì lọ sí ọsibítù, ìrọbí ti mú un, ni ó fi kọlu òpó ẹnu ọ̀nà agboolé. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n bí ọmọkùnrin. Ìyá tirẹ̀ ni ìyàwó àgbà, síbẹ̀ òun ni ó ń bẹ̀bẹ̀ fún àpá náà. Mo dá ọ̀dà pupa padà. Àpá náà ṣì wà níbẹ̀.

Ní Iléyá àkọ́kọ́ tí mo gbé ọkọ̀ náà wálé, ọmọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ yẹn, tí ó ti di baba ọmọ mẹ́ta, dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó wá fi ọwọ́ pa ojú àpá náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n torí rẹ̀ gba àpá yìí. Ẹ jẹ́ kí n mọ ibi tí ìpín tèmi wà." N kò rí èsì fọ̀. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú olórí ẹbí, wọn kò sì tí ì dá a. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ mi, èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀.