Ẹ Kọ́ Nọ́ọ̀sì Láti Pinnu
Ìwé pẹlẹbẹ sí àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ àti àwọn tó ń ṣètò ìlera wọn

Láti Ìyànà-Ìpájà dé Ìgàǹdó, kò sí ìyá ọlọ́mọ tí a ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún. Ara ọmọ ń gbóná, ó ń wúkọ́, ìyá pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ládùúgbò. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì fi ohun ìwọ̀n ìgbóná sí i lábíyá, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú káàdì. Iṣẹ́ tirẹ̀ parí nìyẹn. Ẹlòmíràn á gba káàdì, á wo bí ara ṣe gbóná tó, á kọ “ibà”, á kọ oògùn ibà, á fi oògùn ikọ́ tì í. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Kò sẹ́ni tó ká aṣọ rẹ̀ sókè kí ó wo àyà rẹ̀. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí ara kò yá, ó di kẹ́mísì ní Ìkòtún. Bí ti kẹ́mísì kò bá jẹ́, ó di Jẹ́nẹ́rà, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba, ní Ìgàǹdó.

Gbogbo wa la mọ ohun tó fà á. Owó kò tó, òṣìṣẹ́ kò tó, àwọn tó mọṣẹ́ ti jápa. Ìkànìyàn ọdún 2006 ní ènìyàn 1,277,714 ló wà ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Èkó ka tirẹ̀, ó ní a lé ní mílíọ̀nù méjì. Èyí tó wù kó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, a pọ̀. Ṣùgbọ́n a kò kọ ìwé yìí láti sunkún owó. Ohun tó ń dùn wá ni pé à ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì láti wọn nǹkan, a kì í kọ́ ọ láti pinnu ohun tí yóò ṣe sí ohun tó wọ̀n.

Bí a bá sì ti sọ ọ́ báyìí, èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún wa: “Nọ́ọ̀sì kì í ṣe dókítà. Ẹ jẹ́ kó máa pinnu, kó wá pa yín lọ́mọ.” Ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Dókítà wo gan-an ni wọ́n ń sọ? Ní aago méjì òru, tí aboyún oṣù mẹ́jọ bá wọlé, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, nọ́ọ̀sì ló máa bá níbẹ̀, tàbí CHEW, òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò. Bí nọ́ọ̀sì bá fún un ní parasitamọ́ọ̀lù tó ní kó máa lọ sílé, ó ti pinnu. Bí ó bá wọn ìfúnpá rẹ̀, tó rí i pé ó lé ní 160, tó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, tó wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé Jẹ́nẹ́rà lóru ọjọ́ náà, ó ti pinnu. Bí ó bá ní kí ó dúró di àárọ̀ kí dókítà tó dé, ìpinnu náà nìyẹn, òun ló sì burú jù. Kò sí bí a ṣe lè ní kí ẹni tó dá wà lẹ́nu iṣẹ́ má pinnu. Ohun tí à ń fi dù ú ni ẹ̀kọ́ tí kò fi ní ṣi ìpinnu náà ṣe.

Ìjọba fúnra rẹ̀ sì ti gbà bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, dókítà ọmọdé ni, síbẹ̀ ètò ìlera alábọ́dé tó gbé kalẹ̀ kò dúró lórí dókítà nìkan. CHEW ní ìwé ìlànà tirẹ̀, tó sọ ohun tí yóò bi aláìsàn, ohun tí yóò wò lára rẹ̀, ohun tí yóò ṣe sí i, àti ìgbà tí yóò darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn ńlá. Lọ́dún 2014, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà pínpín iṣẹ́ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìlera jáde. Kí ló wá dé tí ẹnu fi ń ya ènìyàn bí nọ́ọ̀sì bá ní kí wọ́n kọ́ òun?

Ẹ wo ohun tí à ń pè ní ìpinnu yìí ná. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, bí ó bá mí tó ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, èémí rẹ̀ yára jù. Láti oṣù méjì sí ọdún kan, 50 ni. Láti ọdún kan sí ọdún márùn-ún, 40. Kí ọmọ fara balẹ̀ kí a tó kà á. A kì í kà á nígbà tó bá ń ké. Kí a wò ó bóyá ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí. Kí a bi ìyá: ṣé ó ti kọ ọmú? Ṣé gbogbo ohun tó mu ló ń bì? Ṣé gìrì gbé e? Ṣé ó kàn ń sùn tí jíjí kò rọrùn? Bí ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni nínú mẹ́rin yìí, Jẹ́nẹ́rà ni, láìjáfara. Àjọ ìlera àgbáyé WHO àti UNICEF ló ṣètò ìlànà yìí, wọ́n sì ṣe é kí ẹni tí kì í ṣe dókítà lè lò ó. Aago tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá ló ń fẹ́, kò béèrè ẹ̀rọ ńlá kankan.

Ibi tó le wà, a kò ní fi pamọ́. Láti 2010 ni WHO ti ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó lo oògùn ibà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ ìka díẹ̀, èsì á jáde kí ìyá tó jókòó pẹ́. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò bá ní kò sí ibà, kí ló kàn? Ibẹ̀ ni àyà ẹni tí a kò kọ́ ti ń já. Ó mọ̀ pé ìyá kò ní fẹ́ lọ sílé lọ́wọ́ òfo, ó bá kọ oògùn ibà náà, ó fi ti táífọ́ọ̀dù kún un. Ẹni tí a kọ́ á wo etí, á wo ọ̀fun, á ka èémí, á yẹ ìtọ̀ wò, á sì lẹ́nu láti sọ fún ìyá pé: “Ìyá, n kò rí ibà. Ẹ máa fún un lómi àti oúnjẹ, ẹ gbé e padà wá lọ́túnla. Bí ó bá kọ ọmú, ẹ má dúró di ọ̀túnla.” Ìgboyà yẹn, ẹ̀kọ́ ló ń múni ní in.

Kì í ṣe àwa la máa kọ́kọ́ ṣe é. Ní Colorado lọ́dún 1965, nọ́ọ̀sì kan, Loretta Ford, àti dókítà ọmọdé kan, Henry Silver, jọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó lè pinnu bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní Gúúsù Áfíríkà, láti 2010 ni nọ́ọ̀sì ti ń fi aláìsàn HIV sórí oògùn. Nígbà tí wọ́n ṣèwádìí rẹ̀ ní Free State, àwọn tí nọ́ọ̀sì tọ́jú kò ṣe burú ju àwọn tí dókítà tọ́jú lọ. Àwọn tó ń fi ikú dẹ́rù bà wá yìí, ẹ dákun, ìgbà wo ni ọmọ tiwọn jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa rí? Nọ́ọ̀sì lè ṣàṣìṣe. Dókítà náà ń ṣe é.

Ohun tí a fẹ́ nìyí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé jókòó ti aláìsàn fúnra rẹ̀, kí ó sì kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ kí àgbà nọ́ọ̀sì tó dá sí i: ohun tó rò pé ó ń ṣe aláìsàn, ohun tó lè pa á bí a bá gbójú fò ó, àti ohun tó lè mú kí òun yí èrò òun padà. Kí àgbà kà á, kí wọ́n jọ yẹ aláìsàn wò, kí wọ́n jíròrò. Oògùn kankan kò gbọdọ̀ jáde láìsí ìbuwọ́lù àgbà. Báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ á ti ṣàṣìṣe lórí ìwé kó tó ṣe é lára ènìyàn.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kí ó pe ìyá ọmọ lórí fóònù. Ara ti yá? Ṣé wọ́n lo oògùn náà tán? Ẹni tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ aláìsàn rẹ̀ ṣe já sí lè ṣe àṣìṣe kan náà fún ọgbọ̀n ọdún, kí ó sì máa pè é ní ìrírí. Ìdí kan náà ni a fi fẹ́ kí Jẹ́nẹ́rà máa dá èsì padà lórí ẹni tí wọ́n bá darí sí wọn, kí dókítà kan sì wà lórí fóònù tọ̀sán tòru tí nọ́ọ̀sì lè pè.

Yàtọ̀ sí ìyẹn: kí ohun àyẹ̀wò ibà má tán. Síǹkì àti ORS fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ohun ìwọ̀n ìfúnpá tó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń fi sí ìka láti wo atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀. Iná lóru. Ọkọ̀ fún aboyún. Owó ọkọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ní oṣù kejì 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí kéde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún ìlú òkèèrè. Ariwo sọ, wọ́n jà, a gbọ́ tọ̀tún tòsì. Nínú gbogbo ariwo yẹn, a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tí nọ́ọ̀sì náà yóò kọ́ láàárín ọdún méjì ọ̀hún.

Ẹ̀yin ìyá Alímọ̀ṣọ́, kò dìgbà tí ìjọba bá dá wa lóhùn. Bí ẹ bá gbé ọmọ tó ń wúkọ́ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé lọ́la, kí ẹ tó gba ìwé oògùn, ẹ fi sùúrù béèrè pé: “Nọ́ọ̀sì, èémí rẹ̀ mélòó lẹ kà ní ìṣẹ́jú kan?” Bí wọn kò bá tíì kà á, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kà á lójú yín.