Ọ̀rọ̀ Ilé: Ewu ni Kí A Wọ̀n, Kì í Ṣe Ẹ̀rù



Àwọn àgbà a máa wí pé, wèrè dùn-ún wò, kò ṣé é bí lọ́mọ. Nígbà tí ó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ni ó ń sọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀ ní ọjà, àwọn kan a máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ìyọnu náà bá wọ ilé tiwa, ẹ̀rín a di ẹkún. Ní ọjọ́ náà, okùn ni ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹbí ń wá. A kò wí pé wọn kò fẹ́ràn aláìsàn wọn. Ẹ̀rù ni ó bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀tọ̀, ewu ọ̀tọ̀. Inú àwa tí a ń wo aláìsàn ni ẹ̀rù wà. Ewu ni ibi tí ó lè ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rù wọn ewu, òṣùwọ̀n èké ni ó gbé lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí kò jìnnà sí ilé. Ní Igbó-Ọrà, ìlú tí ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, kò sí ayọ̀ tí ó ju ayọ̀ ìkómọ lọ. Síbẹ̀, nínú 1,000 obìnrin tí ó bímọ, níbi gbogbo ní ayé, 1 tàbí 2 ni àbísínwín ń mú, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìbí. Oorun ìyá náà a dá. A máa sọ ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Ó sì lè gbà pé ọmọ náà kì í ṣe tòun. Ewu gidi wà níbẹ̀ fún ìyá àti fún ọmọ, nítorí náà ni a fi gbọ́dọ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ní ọjọ́ náà gan-an. Kí wọn tó dé ibẹ̀, kí a má ṣe fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀ nínú yàrá; kí ẹni tí ó fọkàn tán jókòó tì í; kí a kó ọ̀bẹ kúrò nílẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé ewu ti dínkù, okùn kò sì tíì kan ọwọ́ rẹ̀. Ara ọ̀pọ̀ jùlọ nínú irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ni ó ń yá. Ojú wo ni yóò fi wo ẹni tí ó dè é mọ́ òpó, nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá padà bọ̀ sípò?

Báwo wá ni a ṣe ń wọn ewu? Kì í ṣe iṣẹ́ aríran. Dókítà tí ó gbọ́n jùlọ kò lè fi dájú sọ ohun tí aláìsàn yóò ṣe lọ́la. Ìbéèrè ni ó ń bèèrè, a sì máa tún un bèèrè, nítorí ìdáhùn àná lè má jẹ́ ìdáhùn òní. Ǹjẹ́ ó ti ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí, kí ni ó sì fà á? Ǹjẹ́ ó dárúkọ ẹnìkan tí ó fẹ́ ṣe ní ibi? Ǹjẹ́ ohùn kan ń pàṣẹ fún un? Ǹjẹ́ ó ń mu ọtí tàbí igbó? Ǹjẹ́ ó ti dá oògùn rẹ̀ dúró? Ǹjẹ́ ó ń wí pé ikú sàn fún òun? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ẹ̀rù ń ba àwọn ẹbí láti bèèrè, wọ́n rò pé àwọn yóò fi í sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀; ẹni tí a bá fi sùúrù bi í ni ó ń rí ẹni sọ tinú rẹ̀ fún.

Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ní Ìbàràpá, oògùn tí a fi ń pa koríko àti kòkòrò a sì máa wà ní igun ilé. Ní àwọn ilẹ̀ tí iṣẹ́ àgbẹ̀ pọ̀ sí, irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó ń pa àwọn tí ayé sú jù. Ẹ tì í pa. Àgádágodo tí a fi ti àpótí oògùn oko ní àǹfààní ju ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ẹsẹ̀ ènìyàn lọ. Ẹ má sì ṣe gbàgbé pé ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn aláìsàn ọpọlọ kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Àwọn ni a sábà máa ń ṣe ní ibi.

Ẹni tí ó bá wí pé kò sí ààbò láìsí ẹ̀wọ̀n, kí ó wo Abẹ́òkúta, aládùúgbò wa. Ní 1944, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò ni ìjọba sọ di ilé àwọn aláìsàn ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò gba ọ̀nà mìíràn ní Àrò. Àwọn aláìsàn mú ẹbí wọn kan lọ́wọ́ wá, wọ́n ń gbé ní abúlé láàárín àwọn àgbẹ̀, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń padà sí abúlé. Ojú ẹbí àti ti aládùúgbò ni odi wọn. Òkìkí iṣẹ́ náà kàn ká ayé.

Síbẹ̀, ní 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch tẹ ìwé jáde lórí ibi 28 tí wọ́n bẹ̀ wò ní ilẹ̀ wa: wọ́n bá àwọn ènìyàn nínú ẹ̀wọ̀n nílé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ilé ìjọsìn, àti ní ibi tí ó jẹ́ ti ìjọba pàápàá. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ, tí ó gba ipò òfin wèrè àtijọ́ ti 1958. Òfin tuntun náà wí pé kí a gba ìyọ̀ǹda aláìsàn kí a tó tọ́jú rẹ̀. Bí a óò bá dá a dúró sí ilé ìwòsàn láìjẹ́ pé ó fẹ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nítorí ewu ńlá tí ó sún mọ́ tòsí, fún un tàbí fún ẹlòmíràn, tàbí nítorí pé àìsàn náà yóò burú gidigidi bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Ó sì ní ẹ̀tọ́ láti gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ta ni kò mọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni? Kí ni ìdí tí a fi ń gbọ́ ti ìyá, ti ọkọ àti ti aládùúgbò, tí a kò sì gbọ́ ti aláìsàn?

Bí ó bá di pé ó gbé àdá, ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò, ẹ fún un ní àyè, ẹ ké sí àwọn tí ó lè ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá ní láti dì í mú, kí ó mọ ní ìwọ̀n ìgbà tí ewu náà bá wà. Kí ẹ má ṣe nà án, kí ẹ má sì ṣe dojú rẹ̀ bolẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí èémí rẹ̀ lè pin. Kì í ṣe ìyà ni a fi ń jẹ ẹ́. Bí ewu bá ti rọlẹ̀, kí ọwọ́ kúrò lára rẹ̀.

Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera ní Ìbàràpá, láti Igbó-Ọrà. Nítorí náà, kò sí ilé kan ní Èrúwà tàbí ní Igbó-Ọrà tí ó yẹ kí ó jẹ́ pé okùn nìkan ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ tó so ó, ẹ jókòó, ẹ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí láàárín ara yín, kí ẹ sì bi aláìsàn náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí yóò sọ lè jẹ́ ohun tí ẹ kò retí.