Títo Orúkọ Sinimá

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èdè ni ó sì yẹ kí kọ̀ǹpútà wò kí ó tó to orúkọ sinimá. Nínú ètò Kodi tí ń tọ́jú sinimá, ènìyàn lè pàṣẹ pé kí ó má ka “The” kún, kí The Godfather (1972) lè bọ́ sábẹ́ G. Èyí mú wíwá rọrùn. Ṣùgbọ́n “Die” tí ń ṣe iṣẹ́ “The” lédè Jámánì túmọ̀ sí “kú” lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá yọ ọ́ kúrò lára Die Hard (1988), ẹni tí ń wá a lábẹ́ D yóò wá a tì. “A” Gẹ̀ẹ́sì ṣeé yọ. “A” Yorùbá ni àwa, olùwà gbólóhùn. Kí èdè kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀.