ILẸ̀ BALÙWẸ̀ TÓ Ń GBÓNÁ: ṢÉ Ó YẸ ILÉ WA?

Ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ ni a fẹ́ jọ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn òbí mìíràn láti Ilé-Ifẹ̀ lọ kí ọmọ wọn ní Ìlú Ọba, wọ́n wọ balùwẹ̀ ní àárọ̀ òtútù, ilẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Bí wọ́n bá délé tí wọ́n fẹ́ tún balùwẹ̀ tiwọn ṣe, wọn a béèrè pé: ṣé àwa náà lè ṣe é?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ó ti rí. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n tò sára àwọ̀n bí ẹní. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ pátákó tí kì í jẹ́ kí ooru sá wọ ilẹ̀ lọ, wọ́n á tẹ́ ẹní wáyà náà lé e, wọ́n á fi símẹ́ǹtì bò ó, kí wọ́n tó lẹ táìlì. Wáàtì 150 ni mítà kan níbùú lóòró sábà máa ń gbà. Bí ibi tí wọ́n tẹ́ bá jẹ́ irú mítà bẹ́ẹ̀ mẹ́ta, ó di wáàtì 450.

Ní Ifẹ̀, a lè ṣe é, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kò pọ̀. Òtútù ọyẹ́ kì í pẹ́ lọ títí. Ní oṣù Kẹrin 2024, yúnìtì iná kan di ₦225 fún àwọn oníná Band A. Ní iye yẹn, ilẹ̀ wáàtì 450 tí a tàn fún wákàtí 4 yóò jẹ ₦405 lójúmọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti mú lítà omi 15 gbóná tó ti ìwẹ̀ kò gbà tó ìdajì yúnìtì kan.

Ìṣọ́ra àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà ni ó yẹ kí a kọ́, nítorí iná àti omi ti jọ wà ní balùwẹ̀ tiwa náà.

Èkíní, ní Ìlú Ọba, wọn kì í fa iná sábẹ́ ilẹ̀ balùwẹ̀ láìsí ẹ̀rọ kékeré tí à ń pè ní RCD. Iye iná tó jáde àti iye tó padà ni ó ń wò. Bí mílíáńpù 30 péré bá sọnù láàárín wọn, bóyá ara ènìyàn ni ó gbà kọjá, kíá ni yóò pa iná. Fíúsì kò lè ṣe èyí; ìgbà tí iná bá pọ̀ jù fún wáyà ni òun ń já. Ẹni tó ń fi irin oníná, boiling ring, sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan omi náà títí yóò fi pa iná, tí yóò sì yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ẹ má sì fi ọmọdé sílẹ̀ nítòsí rẹ̀.

Èkejì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ wọn wáyà náà: kí wọ́n tó tẹ́ ẹ, lẹ́yìn tí wọ́n tẹ́ ẹ, àti lẹ́yìn tí wọ́n lẹ táìlì. Bí irin bíríkìlà bá ti ha wáyà, fífọ́ ilẹ̀ ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni páìpù omi tiwa: kí púlọ́ńbà rọ omi sí i, kí ẹ wò ó dáadáa bóyá ó ń jò, kí bíríkìlà tó bò ó.

Ẹ̀kẹta, kí ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí ojú ihò omi, kí táìlì má sì yọ̀. Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ mọ iyì ilẹ̀ tó ṣeé tẹ̀. Àpáàdì tí wọ́n tò lóròó sí àgbàlá, tí ìtàn so mọ́ orúkọ Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, ó kù síbẹ̀ ní àwọn ibì kan títí dòní. Ìṣubú kan lórí táìlì tó ń dán lè sọ ìyá àgbà di ẹni tí kò lè dìde mọ́.

Nítorí náà, kí owó tó lọ sórí ooru abẹ́ ẹsẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ sórí RCD, wáyà earth tó wọlẹ̀ dáadáa, àti ilẹ̀ tí kì í yọ̀. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọ iṣẹ́, kí ẹ sì dúró tì í kí ó dán an wò lójú yín.