ÀWỌN TÓ Ń FI IKÙN ÒṢÌṢẸ́ ṢE YẸ̀YẸ́

Ọ̀rọ̀ ikùn la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ikùn tí ebi ń pa, nítorí ìyẹn la máa ń sọ nígbàkígbà tí a bá ń jà fún owó oṣù. Ikùn tó yọ síwájú, tó kọ̀ tí kò wọlé mọ́, ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Irú ènìyàn mẹ́ta ló ń fi ikùn yìí dá wa lóró. Èkíní ni ọ̀gá tó jókòó sí ọ́fíìsì, tó ń sọ pé ọ̀lẹ àti wọ̀bìà ló sọ òṣìṣẹ́ di bẹ́ẹ̀. Èkejì ni àwọn tó ń ta tíì àti àgbo tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé. Ẹ̀kẹta ni àwọn kan láàárín òṣìṣẹ́ fúnra wọn, tó sọ ikùn ẹlẹgbẹ́ wọn di ohun ẹ̀rín. A óò dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá ní ọ̀lẹ ni wá. A bi í: ta ló gbé àga síwájú ẹ̀rọ, tó ní kí òṣìṣẹ́ má dìde títí aago yóò fi lù? Dírẹ́bà tó ti wà nídìí ọkọ̀ láti ìdájí, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ há mọ́ ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ìgbà wo ni yóò rìn? Obìnrin tó ṣiṣẹ́ òru, tó délé láàárọ̀, tó wẹ ọmọ, tó dáná, tó sun oorun wákàtí mẹ́ta, ìgbà wo ni yóò ṣe eré ìdárayá? Àìsùn pàápàá máa ń mú kí oúnjẹ wu ènìyàn ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀rá a sì máa pọ̀ sí i lára.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 1953. Dírẹ́bà àti kọ̀ńdọ́ jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà, wọ́n jọ ń fa èéfín kan náà símú, òṣìṣẹ́ sì ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí, nígbà tí kọ̀ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ láti gba owó lọ́wọ́ èrò, tó ń tẹ àtẹ̀gùn bíi 500 sí 750 lójúmọ́. Àrùn ọkàn mú àwọn dírẹ́bà ju àwọn kọ̀ńdọ́ lọ, ó sì tètè ń pa wọ́n jù.

Ní 1956, wọ́n tún wo ìwọ̀n aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n rán fún wọn. Ṣòkòtò dírẹ́bà fẹ̀ ní ìdí ju ti kọ̀ńdọ́ lọ. Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí wọ́n fi kọ̀ńdọ́ tó sanra wé dírẹ́bà tó sanra bíi tirẹ̀, kọ̀ńdọ́ náà ni ikú òjijì kì í sábà bá. Ìrìn tó ń rìn ń dáàbò bo ọkàn rẹ̀, bí ikùn rẹ̀ tilẹ̀ yọ. Nítorí náà, kì í ṣe bí ikùn ṣe rí lójú ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé òṣìṣẹ́ ń rí àyè gbé ara rẹ̀?

Kí ọ̀gá tó bú wa, kó kọ́kọ́ ka òfin. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti wà láti 1974, a sì ń lò ó títí di òní. Ó sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, àti pé nínú ọjọ́ méje, ọjọ́ kan gbáko jẹ́ ti ìsinmi. Wákàtí yẹn kì í ṣe àánú. Ẹ̀tọ́ ni.

Ó kan àwọn oní-tíì. Wọ́n ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, ikùn á tẹ́ bíi ti ọmọ ogún ọdún. Púpọ̀ nínú tíì wọ̀nyí, oògùn ìyàgbẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Omi ara ló ń lé jáde, kì í ṣe ọ̀rá. Bí omi bá padà, ikùn a padà. Owó yín nìkan ni kò ní padà. Àwọn mìíràn burú ju ìyẹn lọ. Wọ́n ti bá sibutramine nínú ọ̀pọ̀ oògùn ìfọnra tí wọ́n ní ewé lásán ni, oògùn tí wọ́n kó kúrò lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní 2010 nítorí ewu àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: dírẹ́bà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbé irú rẹ̀ mì, ó sì kó èrò mẹ́rìnlá gun títì! Ohunkóhun tí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá sì ní in, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà.

Ẹ̀yin tó ń pe ẹlẹgbẹ́ yín ní “oníkùn bíà” tàbí “orobo”, ẹ̀yin gan-an la tún fẹ́ bá wí. Ẹni tí ẹ fi ṣẹ̀sín kò ní torí bẹ́ẹ̀ fọn. Ńṣe ni yóò máa fara pamọ́. Kò ní bá wa jáde rìn, kò sì ní jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wọn òun. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ fẹnu kan bíà rí. Àwọn obìnrin wa tó ti bí ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin, ta ló láṣẹ láti fi ikùn tó gbé ọmọ rẹ́rìn-ín? Ọmọ ìka ọwọ́ kò dọ́gba. Ara tí àwọn kan jogún kò ní tẹ́ pẹrẹsẹ láéláé, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ ẹni tó ń pe ikùn ní àmì ọlà. Bí àyíká ikùn ọkùnrin bá kọjá ínǹṣì 40, tàbí ti obìnrin ínǹṣì 35, ewu àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn ti pọ̀ nìyẹn. Ẹ yá tẹ́ẹ̀pù lọ́wọ́ télọ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ gba ara yín bó ṣe rí, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ láìtọ́jú. Ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀ kì í gbàgbé láti pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Kò sí eré ìdárayá tó ń yọ ọ̀rá ikùn nìkan; gbogbo ara ló ń ṣiṣẹ́ fún. Dírẹ́bà tó ń dúró kí ọkọ̀ rẹ̀ kún, kó rìn yí gáréèjì ká dípò kó jókòó ti páràgà. Ẹni tó wọn 100 kìló, tó bá fọn 5 péré, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ a ti máa rọlẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí ẹ̀bà dín, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀. Gaàrí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ẹ̀pà dára. Òkìtì ṣúgà inú rẹ̀ ni kò dára, bẹ́ẹ̀ sì ni mínírà ojoojúmọ́. Ẹ̀wà kì í ṣe oúnjẹ ìṣẹ́. Níbí ní Ìlíṣàn, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Adventist tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959, tó di Yunifásítì Babcock ní 1999, kì í se ẹran nínú ilé oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni ọmọ olówó ń jẹ níbẹ̀!

Ohun tí ẹ̀ka wa gbọ́dọ̀ béèrè nìwọ̀nyí:

1. Kí wákàtí ìsinmi pé, kí ofatáìmù má gbé e mì.
2. Kí omi mímu tó mọ́ wà nítòsí ẹ̀rọ, bí òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti 1987 ṣe wí.
3. Kí kántíìnì máa se ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja, kí èso sì wà.
4. Kí nọ́ọ̀sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Kí èsì rẹ̀ jẹ́ àṣírí òṣìṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fi lé e kúrò níṣẹ́.
5. Kí dírẹ́bà ní ibi ìsinmi gidi, kó tó tún kó èrò mìíràn.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ìrìn jẹ́ ti olúkúlùkù, ṣùgbọ́n àyè láti rìn, gbogbo wa la ó jọ gbà á, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká rìn. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká béèrè ẹ̀tọ́ wa!